Ìgò Tí Mo Gbé Kúnlẹ̀

Bí ẹ bá rí ìyá àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Lansing níbí, tó gbé ìgò òróró síwájú iná tó ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó rà á, èmi nìyẹn. Ẹ má bá mi wí. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ló bá mi délé. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa máa ń bi mí pé, "Grandma, what did you do before you retired?" Wọ́n ń retí kí n ní nọ́ọ̀sì ni mí, torí nọ́ọ̀sì ni gbogbo màmá tí wọ́n mọ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé wáìnì ni mo tọ́jú. Wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí ẹni tó bá ń ronú iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé lè mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọjà.

Orúkọ mi ni Mọ́rẹ́nikẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni mo wá bá Báyọ̀ ọkọ mi ní Chicago. Ó ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lálẹ́. Èmi rí iṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan láàrin ìlú, níbi tí rélùwéè orí afárá ti ń kọjá lẹ́bàá wíńdò. Àwo oúnjẹ ni mò ń gbé fún àlejò. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn, owó rẹ̀ kò sì ṣeé fi yangàn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ará Pọtogí ni, Ọ̀gbẹ́ni Artur ni wọ́n ń pè é. Arúgbó kúkúrú kan báyìí, tí irunmú rẹ̀ pọ̀ ju ti orí rẹ̀ lọ. Òun ló ń ṣọ́ yàrá wáìnì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kò sì kúrò ní ìbàdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rí mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi fún bàbá arúgbó kan, tí mo rọra tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ta ló kọ́ mi láti gbé ife bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní ìyá mi ti ṣe ìdajì iṣẹ́, òun yóò ṣe ìyókù. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ pẹ̀lú mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí lobìnrin ń wá lábẹ́ ilẹ̀. Mo fi ojú wọn pamọ́ sí ibì kan nínú orí mi.

Pọ́ọ̀tù ni Ọ̀gá fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín rò pé wáìnì pupa lásán ni. Nígbà tí omi èso àjàrà bá ń hó lọ́wọ́, kó tó hó tán, wọn a da ọtí líle sí i. Híhó náà a dáwọ́ dúró, adùn èso a há sínú rẹ̀, ohun mímu náà a sì ní agbára láti pẹ́ láyé. Lọ́dún tí èso bá dára gan-an, wọn a rọ ọ́ sínú ìgò dúdú kó máa dàgbà níbẹ̀, ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń dàgbà ló ń yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo ìsàlẹ̀ akèrègbè ẹmu rí mọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ti ẹmu ò burú, àwọn kan tiẹ̀ ń du ún. Ti pọ́ọ̀tù korò, ó dà bí iyanrìn lẹ́nu, bó bá sì ti rú pọ̀ mọ́ ọtí, gbogbo ọdún tí ìgò ti fi dúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo.

Nítorí náà ni Ọ̀gá ṣe le. Mi ò gbọ́dọ̀ fín lọ́fínńdà wá síbi iṣẹ́, torí imú ni ojú wa lábẹ́ ilẹ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ sáré. Ìgò gbọ́dọ̀ sùn ní ẹ̀gbẹ́, kí ọtí lè máa rin kọ́ọ̀kì, kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà funfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kan ìgò náà láti Pọtogí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà yẹn ló gbọ́dọ̀ máa wo òkè, títí láé, ibi yòówù tí wọ́n bá gbé e lọ, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè máa sùn lójú kan. Iná ò gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀, ooru ò gbọ́dọ̀ wọlé. Rélùwéè tó ń kọjá máa ń mi ilẹ̀, Ọ̀gá sì ti fi aṣọ onírun nínípọn tẹ́ abẹ́ gbogbo pẹpẹ. Ó ní rélùwéè ò lẹ́bi, ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀ tí kò tẹ́ nǹkan sílẹ̀ ló lẹ́bi.

Ìdánwò rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi lọ ni ti ìgò kọfí. Yóò rọ omi sínú ìgò, yóò da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sí i, yóò jẹ́ kó tòrò. Yóò wá ní kí n gbé e gun àtẹ̀gùn láti abẹ́ ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Òun ti ń dúró dè mí lókè pẹ̀lú àbẹ́là. Bí omi bá ti rú, kò ní bá mi jà, á kàn fi ìka kan tọ́ka sí ìsàlẹ̀. Mo máa sọ̀ kalẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo sọ fún Báyọ̀ nílé pé, "I am tired o. Ọkùnrin yìí fẹ́ kí n máa rìn bí ìgbín."

Báyọ̀ ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ quit ni?"

Mo ní rárá.

"Oya, lọ sùn. Morning shift lo ní."

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọjọ́ kan dé tí Ọ̀gá gbé àbẹ́là sẹ́yìn ìgò, tó wò ó, tó tún un wò, tí kò sì tọ́ka sí ìsàlẹ̀. Ó ní kí n wá jókòó. Ó bu pọ́ọ̀tù àgbà kan sínú ife kékeré fún mi, ó ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí n má ṣe gbé e mì kíákíá. Mo tọ́ ọ wò. Mo rí àgbálùmọ̀ gbígbẹ níbẹ̀, mo rí oyin, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òórùn àpótí aṣọ ìyá àgbà mi. Mo bi í pé báwo ni ohun tí wọ́n ṣe ní Pọtogí ṣe wọ inú àpótí ìyá àgbà mi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. Inú mi dùn, mo ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì délé.

Ohun kan wà tí mo bá a jà sí. Lórí tábìlì, bí wọ́n bá ti da pọ́ọ̀tù sínú ìgò dígí tí a fi ń bù ú, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo ní mi ò ní ṣe é. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, mélòó-mélòó ni ohun mímu fún àgbà. Ọ̀gá wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Ó wá ṣàlàyé pé ẹni tó jókòó lápá òsì ni èèyàn ń gbé e fún, ọwọ́ ọ̀tún lèèyàn sì lè fi gbé e. Mo mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ àwọn àlejò láti fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, wọ́n sì rò pé àṣà Pọtogí ni.

Ẹ̀mú ni ohun èlò tí mo fẹ́ràn jù. Kọ́ọ̀kì ìgò tó ti dàgbà máa ń rún bí búrẹ́dì tó ti gbẹ, ìṣígò kò sì ṣeé kì bọ̀ ọ́. A máa ń ki ẹ̀mú bọ iná títí yóò fi pọ́n, a ó fi í di ọrùn ìgò mú ní ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀kì, a ó mú un kúrò, a ó sì fi aṣọ tó tutù kan ibẹ̀. Ọrùn ìgò a já mọ́lẹ̀ geere, ìgò fúnra rẹ̀ ò ní mira. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo dijú. Ọ̀gá ní ẹni tó bá dijú yóò fọ́ ìgò, nítorí náà mo kọ́ láti la ojú mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti jàǹbá.

Ọwọ́ Ọ̀gá Artur ti ń gbọ̀n nígbà náà. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn aláṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì ní àwọn yóò mú ẹlòmíràn wá láti ìta gba kọ́kọ́rọ́, torí wọn ò rí obìnrin aláwọ̀ dúdú nídìí iṣẹ́ yẹn rí. Ọ̀gá ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n wo ọwọ́ mi lọ́jọ́ àsè Ìyáàfin Lorraine. Bí mo bá ṣe é yanjú, kí wọ́n fún mi. Bí mi ò bá ṣe é yanjú, òun ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Opó ni Ìyáàfin Lorraine. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Peter, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọkọ rẹ̀ ra àpótí pọ́ọ̀tù kan pa mọ́ sí yàrá wa, ó ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá fẹ́ ìyàwó ni àwọn yóò mu ìgò tó bá kẹ́yìn. Ọkọ kú kí ọjọ́ náà tó dé. Ìgò kan péré ló ṣẹ́ kù. Peter wá fẹ́ gbéyàwó, wọ́n sì ṣètò oúnjẹ ọ̀sán fún ẹbí lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìgbéyàwó, kí wọ́n lè ṣí ìgò náà. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn láyé fún wọn. Mo ti gbé e nàró láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìgò náà gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi ń lọ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́, omi inú ojú mi pàápàá kò mira. Mo dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Bí mo ṣe gbé ojú sókè ni mo rí Alhaji Múfútáù níwájú mi, nínú agbádá àti kóòtù òtútù tó tóbi jù ú lọ.

Àbúrò bàbá mi ni Alhaji. Ìdílé wa dà bí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá, àwọn kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹran iléyá. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló tọ́ mi dàgbà. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kí wa, ilé ni mo sì rò pé Báyọ̀ yóò gbé e lọ láti pápákọ̀ òfúrufú. Báyọ̀ yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Má bínú, parking ò sí níwájú, security ní ká gba kitchen wọlé. Alhaji ní àwọn ò ní jókòó níbì kan láìrí ẹ."

Mi ò gbọ́ ọ dé ìdí. Orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà."

Mo tẹrí ba, ìgò náà sì tẹrí ba pẹ̀lú mi, bí ẹni pé òun náà ń kí Alhaji. Ọ̀gá ti kọ́ mi ní àtẹ̀gùn, ó ti kọ́ mi ní ilẹ̀ tó ń yọ̀, kò kọ́ mi bí mo ṣe máa rí bàbá tó tọ́ mi kí n sì dúró gbọn-in. Ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ba ọtí jẹ́ báyẹn.

Alhaji ń kì mí lọ, "Àṣàkẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," ìgò ni èmi ń wò. Ọ̀gá Artur sáré wá pẹ̀lú àbẹ́là, ó gbé e sẹ́yìn ìgò. Ìkùukùu ti bo inú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti rú." Kò pariwo. Ẹkún ló gbọ̀n mí. Mo rí kọ́kọ́rọ́ tó ń lọ, mo rí ojú àwọn tó fi mí ṣẹ̀sín, mo tún rí obìnrin opó tó jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń retí ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

Alhaji bi Báyọ̀ pé kí ni mo gbé lọ́wọ́ tí mo fi ń sunkún. Mo sì mọ̀ pé Alhaji ò fẹ́ràn ọtí rárá. Báyọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọmọ tí wọ́n bí, ti bàbá tó kú, ti ìgbéyàwó. Alhaji wo ìgò náà.

Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ọtí mọ́. Ogún nìyẹn. Nu ojú ẹ nù. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ọ̀gá bi mí pé kí ni bàbá wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó mi orí, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì òkúta tó tutù. Ó ní mo mọ ohun tó kàn. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Òfin rẹ̀ ni pé wáìnì lè rú, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ò gbọ́dọ̀ rú. Àlejò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa kó tó rí i nínú ife.

Mo wọlé tọ Ìyáàfin Lorraine lọ. Mo sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé mo pàdé bàbá tó tọ́ mi, pé nílẹ̀ wa a kì í dúró kí irú ẹni bẹ́ẹ̀, pé mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìgò rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ti rú. Mo ní ìdúró nìkan ló lè wò ó, ó dára kó dúró di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè fún mi láyè títí di ìrọ̀lẹ́, mo lè gba díẹ̀ lára rẹ̀ là fún wọn. Peter bojú jẹ́. Ìyá rẹ̀ wò mí títí.

Ó ní, "Ó ti dúró dè wá láti ọjọ́ tí mo bí Peter. Ṣé àwa ò lè dúró dè é di ìrọ̀lẹ́ ni?" Ó wá bi mí pé níbo ni bàbá tí mo kúnlẹ̀ fún wà. Ó ní kí wọ́n gbé àga kan sí i fún un.

Bí Alhaji Múfútáù ṣe jókòó síbi àsè àwọn òyìnbó nìyẹn, tó ń mu tíì. Wọ́n jẹun tán, àyè sì ṣí sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí yóò fi kún un. Ìyáàfin Lorraine bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, bó ṣe ti ọsibítù lọ ra àpótí wáìnì náà tààrà pẹ̀lú kóòtù tó wọ̀ sódì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ tirẹ̀. Peter gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí nípa bàbá rẹ̀. Alhaji náà sọ ti igi obì tí bàbá òun gbìn lórí ìwọ́ òun lọ́jọ́ tí wọ́n sọ òun lórúkọ, tó ṣì ń so títí dòní. Báyọ̀ ń túmọ̀, ìyàwó ojú ọ̀nà ń nu ojú. Mo ń yọjú láti kíṣìnì lọ wo ìgò mi, n ò fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Oòrùn ìgbà òtútù ti ń wọ̀ nígbà tí mo ki ẹ̀mú bọ iná. Mo la ojú mi sílẹ̀. Ọrùn ìgò já geere. Ọ̀gá fẹ́ bá mi di àbẹ́là mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbé àbẹ́là náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mo da ìgò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sínú ìgò dígí lójú ìmọ́lẹ̀, láìdá ọwọ́ dúró, torí bí èèyàn bá dá ọwọ́ dúró yóò tún rú. Ó ń ṣàn bọ̀, ó mọ́, ó pọ́n bí iyùn. Gbàrà tí mo rí òjìji dúdú àkọ́kọ́ ní ọrùn ìgò, mo gbé e nàró. Mo fi púpọ̀ sílẹ̀ nínú ìgò náà ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó jáde mọ́ kedere, ó sì kárí wọn.

Mo gbé e wọlé pẹ̀lú wàrà líle àti ẹ̀pà òyìnbó tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, Alhaji ní òun fẹ́ ṣàdúrà. Ó kọjú sí Peter, ó ní, "Ohun tí bàbá ẹ fi dè ọ́ ò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìwọ náà á fi ohun rere de ọmọ tìẹ." A ṣe àmín, àwọn òyìnbó náà ṣe àmín tiwọn. Ìgò dígí náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sápá òsì. Nígbà tó kan Alhaji, kò bù níbẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún ìyàwó ojú ọ̀nà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìyáàfin Lorraine tọ́ ọ wò. Ó dijú. Ó ní, "Ó dé." Mi ò bi í pé wáìnì ló ń wí tàbí ọkọ rẹ̀.

Ìdùnnú tó bá mi lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ títí di òní. Ní kíṣìnì, Ọ̀gá bu èyí tó rú nínú ìgò sí ife méjì, ó ní ti àwa òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ó korò. A mu ún tán.

Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Àbẹ́là lọ, tọ́ọ̀ṣì dé. Aṣọ tín-ín-rín tí a fi ń sẹ́ ẹ lọ, asẹ́ irin dé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnútutù wọ abẹ́ ilẹ̀, nígbà tí àyè ò sì gbà mọ́, wọ́n kó ìdajì ìgò wa lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Romeoville, èmi sì ń wa mọ́tò lọ síbẹ̀ láti lọ wò bóyá ọ̀dà funfun ń wo òkè. Mi ò kọ ohun tuntun. Ẹ̀mú mi nìkan ni mi ò jẹ́ kí wọ́n gbà. Mo kọ́ àwọn ọkùnrin mélòó kan níṣẹ́, mo sì fi ìgò kọfí dán gbogbo wọn wò. Peter wá lọ́dún tí wọ́n bí ọmọbìnrin rẹ̀, ó gbé ìgò pọ́ọ̀tù kan fún mi pé kí n bá òun pa á mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, bí wọ́n bá kọ́ yín nílé láti fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Mi ò tíì sọ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe dé ọwọ́ mi. Lẹ́yìn àsè yẹn, ọjọ́ tí Ọ̀gá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ni mo tó gbọ́ èsì. Ó pè mí sí abẹ́ ilẹ̀. Ó ní àwọn aláṣẹ ti gbà. Ó tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò ní ìbàdí, ó nà án sí mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi méjèèjì ti tún kanlẹ̀. Mo rántí, mo fẹ́ sáré dìde. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, tí mo tẹ́ sílẹ̀ lófìfo.

Ó ní, "Lónìí kò sí ìgò lọ́wọ́ ẹ. Kúnlẹ̀ bó bá ṣe wù ẹ́."